Ìwo Tí Wọ́n Kọ́ Dorí Kodò

Ọkùnrin kan wà láyé àtijọ́ tí ń jẹ́ Abídogun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbélé rárá. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń hù ni ó ti fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀, tí ó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, tí ó ń wo ayé, tí ayé náà sì ń wò ó. Nígbà tí ewú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilé wá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ìyá rẹ̀ ti darúgbó. Bí ìyá náà bá bi í pé kí ni ó rí mú bọ̀ láti àjò, kí ni yóò sọ? Ìtìjú ni kí ènìyàn pẹ́ lájò tó bẹ́ẹ̀, kí ó wá fọwọ́ lásán wọlé.

Ibi tí ó ti ń ro èyí ni ó ti gbọ́ ìròyìn Òkè-Afọ̀n. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé ní ìlú náà, tí wọ́n ti kó iṣu wọ àká, wọn a pàgọ́ sí ẹ̀yìn odi, wọn a sì máa kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwo fífọn. Kì í ṣe eré ọmọdé o. Baálé ilé àti ìyálé ilé ni wọ́n ń sùn sí àgọ́, tí wọ́n ń fọn ìwo títí ètè wọn yóò fi wú bí ẹni tí oyin ta. Baba Agúnlóyè, olórí àwọn tí ń fọn ìwo, ni ó ń kọ́ wọn. Ẹni tí ó bá yege lọ́jọ́ ìdánwò ni wọ́n ń fún ní ìwo tí yóò gbé lọ sílé. Ìwo yìí ni Abídogun fẹ́ fọn lẹ́nu ọ̀nà ìyá rẹ̀.

Nígbà tí ó dé ibẹ̀, wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Àṣàkẹ́, tí àgọ́ rẹ̀ kángun sí tirẹ̀, tilẹ̀ máa ń bu ọbẹ̀ fún un. Àṣàkẹ́ ní ọmọ kékeré kan, Tanímọ̀la, tí kò tíì rìn. Ohun kan ṣoṣo ni ó kù díẹ̀ káàtó lára àlejò yìí: kì í béèrè ọ̀rọ̀.

Baba Agúnlóyè pè é lọ́jọ́ kan. “Àlejò, o ò bi wá ní nǹkan kan láti ọjọ́ yìí. Ṣé kò sí ohun tó rú ọ lójú ni?”

“Kò sí o, Baba,” ni Abídogun dáhùn. “Ojú mi ti rí ìlú tó pọ̀.”

Baba kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìdánwò ku ọ̀la nígbà tí ooru ẹ̀ẹ̀rùn la ìwo Abídogun. Ó fọn ọ́n, atẹ́gùn lásán ni ó ń jáde. Ó sáré lọ sí abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ń kọ́ ìwo sí, ó ń wo èyí tí kò ní olúwa. Gbogbo ìwo ni wọ́n fi orúkọ ẹni tó ni wọ́n pè, gbogbo wọn ni wọ́n sì kọ́, tí ẹnu wọn dojú kọ òkè. Ìwo ẹfọ̀n ńlá kan ṣoṣo ni kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni, òun nìkan ni wọ́n sì kọ́ dorí kodò. Ojoojúmọ́ ni Abídogun ń rí i, tí ó ń ṣe é bíi pé kí ó bá wọn tún un kọ́. Ó já a, ó sì gbé e lọ sí abẹ́ ibòji lẹ́yìn àgọ́ rẹ̀. Tanímọ̀la ń sùn lórí ẹní níbẹ̀. Àṣàkẹ́ wà lọ́hùn-ún, ó ń lọ ata láàárín àwọn obìnrin.

Abídogun kó èémí jọ, ó fọn ọ́n. Ohùn náà bú jáde, òkè gbà á, ó sì dá a padà. Inú rẹ̀ dùn dé ibi tí inú ń dùn dé. Ó tún un fọn.

Igbe ta láàárín àgọ́: “Ogun o! Ogun dé o!”

Àgọ́ dàrú. Ìkòkò ń fọ́, ènìyàn ń ṣubú, wọ́n ń dìde. Àṣàkẹ́ wẹ̀yìn, ó rí ọmọ rẹ̀ lórí ẹní, ó rí Abídogun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà. Ó gbé ọmọ méjì tí ń ṣeré nítòsí ọlọ rẹ̀, ó fi eré sí i. Abídogun ń bi wọ́n pé ogun wo, ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró dáhùn? Ẹ̀rù bà á, òun náà bá wọn sá gòkè tòun ti ìwo lọ́wọ́.

Nínú ihò àpáta tí wọ́n sá pamọ́ sí lórí òkè ni Àṣàkẹ́ ti wá a kàn.

“Àlejò, ọmọ mi dà?”

“Ọmọ wo?”

“Tanímọ̀la! Ṣé ìwọ kọ́ lo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni? Tí ìwo ogun bá dún ní ìlú yìí, ọmọ tó bá sún mọ́ ọ ni wàá gbé. Ọmọ ọlọ́mọ ni èmi gbé wá yìí!”

Ibẹ̀ ni Baba Agúnlóyè ti rí i pé ìwo ogun ni ó ń bẹ lọ́wọ́ àlejò. Kò tíì yanu sọ̀rọ̀ tí ẹni tí ń ṣọ́ ọ̀nà lórí àpáta fi kígbe pé òun kò rí ogun kankan, iná ni òun rí. Àwọn ọkùnrin tí ń sun oko ti fi iná sílẹ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ ìwo, iná náà sì ti kọjú sí àgọ́.

Abídogun ju ìwo nù. Kò mọ ìgbà tí ó sáré sọ̀kalẹ̀ dé àgọ́. Èéfín ti bo gbogbo àgọ́, òrùlé tirẹ̀ ti ń jó. Ó dojú bolẹ̀, ó ń rá, ó ń pe ọmọ tí kò lè dáhùn. Ó ṣe díẹ̀, ó gbọ́ ikọ́. Ó fi ara bo ọmọ náà, koríko tí ń jó ń já lé e lẹ́yìn, ó sì gbé e jáde. Àṣàkẹ́, tí ó ti sáré tẹ̀lé e, já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Tanímọ̀la sín, ó ké. Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n ń nà.

Ẹni tí ó bá fọn ìwo ogun láìsí ogun, pípa ni wọ́n ń pa á ní Òkè-Afọ̀n. Abídogun dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“O ò rí i pé òun nìkan la kọ́ dorí kodò?” Baba Agúnlóyè bi í.

“Mo rí i, Baba. Mo rò pé ẹni tó kọ́ ọ ni ò mọ̀ ọ́n kọ́.”

Àwọn kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé e mì. Àṣàkẹ́ ló dìde.

“Ẹ̀yin bàbá mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má pa á. Ojú rẹ̀ ni ó fi ń wo ìwo yìí lójoojúmọ́. Ojú rẹ̀ ni ọmọ mi sùn sí. Ojú náà là gbàgàdà, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹ jẹ́ kó máa lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.”

Wọ́n fi í sílẹ̀. Ó kúrò ní Òkè-Afọ̀n pẹ̀lú egbò lẹ́yìn àti ọwọ́ lásán. Nígbà tí ó délé, tí ìyá rẹ̀ bi í pé kí ni ó rí mú bọ̀, ọ̀rọ̀ Àṣàkẹ́ ni ó sọ fún un. Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé: àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.