Ta Ni Yóò Gbóòórùn Ẹnu Ajá?

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ẹ gbé ohùn sókè, ẹ̀yin ọmọ, inú ń bí mi lónìí! Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi já geere, ó balẹ̀ sórí pápá bọ́ọ̀lù àwọn ẹranko. Ewé kan wà tó ń fún ẹsẹ̀ lágbára. Erin ọba fòfin dè é, ó ní kí Ajá dáná sun ún, kó sì máa gbóòórùn ẹnu àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ajá gbóòórùn ẹnu Ehoro, ó ní, "Ó jẹ ewé!" Wọ́n lé Ehoro kúrò nínú ìdíje ọdún náà. Ó gbóòórùn ẹnu Ẹtu, ó tún ní, "Ó jẹ ewé!" Wọ́n lé Ẹtu náà. Nígbà tó kan Agbọ̀nrín, Agbọ̀nrín ní, "Kábíyèsí, koríko ni mo jẹ. Ẹ jẹ́ kí imú mìíràn gbọ́ ọ."

Ajá gbó mọ́ ọn: "Èmi ni mo ń yẹni wò, ta ló tó yẹ èmi wò?"

Agbọ̀nrín bá forin sí i:

Ajá gbóòórùn ẹnu mi o,
Jáńlájànjàn!
Ta ni yóò gbóòórùn ẹnu Ajá?
Jáńlájànjàn!

Orin náà wọ Erin létí, ó ránṣẹ́ pe ajá abúlé kejì. Àlejò gbóòórùn ẹnu Agbọ̀nrín: koríko ni. Ó yíjú sí Ajá, ó gbóòórùn ẹnu tirẹ̀, ó sì fò sẹ́yìn. Ewé tí ọba ní kí Ajá dáná sun ló ń jẹ ní kọ̀rọ̀! Òórùn ẹnu ara rẹ̀ ló ń gbọ́, ó sì fi ń ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́.

Wọ́n ní kí Ehoro àti Ẹtu padà wá, ṣùgbọ́n ìdíje ti parí, ẹlòmíràn ti gba ife ẹ̀yẹ. Ta ni yóò dá ọdún náà padà fún wọn? Ẹ dá mi lóhùn!

Láti ọjọ́ náà, bí ajá bá pàdé ajá, wọ́n á kọ́kọ́ gbóòórùn ara wọn. Ajá ti kọ́gbọ́n. Àwọn tó ń ṣọ́ pápá ọmọ ènìyàn ńkọ́?

Bí irọ́ bá wà nínú àlọ́ mi, ẹ wá gbóòórùn ẹnu tèmi náà!