Àwẹ̀ró Tó Sín Gẹ̀ẹ́sì Bí Ìlẹ̀kẹ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi yọ̀ lórí òwú, ó já bọ́ sọ́wọ́ Àwẹ̀ró tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀, ó ta bá Àkùkọ onígbéraga. Bí mo bá dá orin, "Sín in, sín in" ni kí ẹ máa gbè.

Ní ayé àtijọ́, ọ̀dá dá ní ìlú Àwẹ̀ró. Odò gbẹ. Kànga gbẹ. Ìsàlẹ̀ ìkòkò pàápàá gbẹ. Ibà dá ìyá Àwẹ̀ró dùbúlẹ̀, omi tútù nìkan ló ń bèèrè.

Kànga kan ṣoṣo ló kù. Inú ọgbà àlejò kan tó ti òkè òkun wá ló wà. Odídẹrẹ́ ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá rẹ̀ ti sọ fún un pé ẹni tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tó ń fẹ́, tó sì tò ó bó ṣe yẹ, òun ni kó ṣílẹ̀kùn fún.

Àkùkọ ló kọ́kọ́ lọ. Ó ti gbọ́ gbólóhùn kan lẹ́nu àwọn ará ọgbà, ó sì gbé e mì bí ẹní gbé àgbàdo mì. Ó ní, "Ai wọ́ntì wọ́tà." Odídẹrẹ́ ṣílẹ̀kùn. Àkùkọ mu omi yó, ló bá ń yan káàkiri ìlú pé òun ti di ọ̀gá Gẹ̀ẹ́sì.

Àwẹ̀ró kò mọ̀wé, ìlẹ̀kẹ̀ ló mọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọgbà yẹn ló máa ń pàtẹ sí, etí rẹ̀ sì ti kó ọ̀rọ̀ jọ. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀. Ó fi ìlẹ̀kẹ̀ pupa ṣe ẹni tó ń fẹ́, ó fi funfun ṣe fífẹ́, ó fi aláwọ̀ aró ṣe ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ó ń fọwọ́ kàn wọ́n, ó ń pè wọ́n. Bí ọ̀kan bá ṣi ipò, á tú u, á tún un sín. Ó tún ti kíyè sí i pé nínú èdè tiwa, omi ló ń ṣíwájú, tútù á tẹ̀ lé e. Nínú tiwọn, tútù ló ń ṣíwájú omi, bí ọmọge tó gbẹ́rù ṣe ń ṣíwájú ìyàwó. Ó wá ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ kan fún ipò yẹn. Ó ń kọrin:

Ta ló ń ṣíwájú?
*Sín in, sín in.*
Ẹni tó ń fẹ́ ni.
*Sín in, sín in.*
Kí ló gba àárín?
*Sín in, sín in.*
Fífẹ́ rẹ̀ ni.
*Sín in, sín in.*
Kí ló wá kẹ́yìn?
*Sín in, sín in.*
Ohun tó fẹ́ ni.
*Sín in, sín in.*

Àkùkọ ń kọjá. "Àwẹ̀ró, ṣé òwú ló máa bá ọ sọ ọ́ ni?"

Àwẹ̀ró ní kí Àkùkọ máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́.

Ìyá rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Ọmọ mi, bó bá já ńkọ́?"

"Màmá, mo mọ ibi tí mo ti máa so ó."

Ilẹ̀ mọ́. Gbogbo ìlú gbé ìkòkò, Àkùkọ ló ṣíwájú. "Ai wọ́ntì wọ́tà."

Odídẹrẹ́ ní, "O ti mu tìrẹ lánàá. Ta ló tún ń fẹ́ omi?"

"Ai wọ́ntì wọ́tà."

"Mo ní, ta ló tún ń fẹ́ omi?"

Jìnnìjìnnì mú Àkùkọ, ó da ọ̀rọ̀ rú. "Wọ́tà wọ́ntì ai."

"Ó dára. Omi ló ń fẹ́ ọ. Lọ dúró dè é nílé."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ ìlẹ̀kẹ̀ pupa tirẹ̀ kúrò, ó fi pupa mìíràn tó dúró fún ìyá rẹ̀ rọ́pò. Ìyókù kò kúrò níbi tó wà.

"Mai mọ́dà wọ́ntì wọ́tà."

"Irú omi wo?"

Ọwọ́ rẹ̀ kan ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́. Ó tì í síwájú aláwọ̀ aró.

"Mai mọ́dà wọ́ntì kóòdù wọ́tà."

Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Àwẹ̀ró pọn omi tútù, ó gbé e lọ sílé. Ìyá Àwẹ̀ró mu omi, ara rẹ̀ balẹ̀, ó dìde jókòó.

Àwẹ̀ró padà sẹ́nu ọ̀nà, ó pín okùn ìlẹ̀kẹ̀ fún aládùúgbò. Ó ní, "Ẹ yọ pupa tèmi, ẹ fi tiyín sí i." Ẹni tó ní bàbá fi bàbá sí i, ẹni tó ní ọmọ fi ọmọ sí i. Gbogbo ìlú mu omi.

Àkùkọ náà wá tọrọ. Àwẹ̀ró fún un ní okùn tirẹ̀, ó ní kó jókòó kí òun kọ́ ọ. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, Àkùkọ ti gbé ìlẹ̀kẹ̀ mì.

Ìdí nìyẹn tí adìyẹ fi ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́ mì títí dòní, tó sì jẹ́ pé gbólóhùn kan náà ni àkùkọ ń ké ní ìdájí.

Ààlọ́ yìí kọ́ wa pé ẹ̀kọ́ tí a gbé mì kì í gbọ̀nà ẹnu jáde nígbà ìṣòro. Èyí tí a fọwọ́ ara wa sín ló ń gbani. Ibi tí ààlọ́ mi já sí nìyí, mo sì ti so ìdí òwú rẹ̀.