Àmì Mẹ́rin Lára Ìyẹ́ Labalábá

"Ẹ kó ọgọ́rùn-ún labalábá wá, kí ẹ fi aṣọ di ojú mi kan. Ojú kan tó kù ni màá fi sọ èyí tó dùn àti èyí tó korò fún yín. Bí mo bá ṣì í, kí Bàbá Àwòdì fi mí jẹun."

Alángbá ló sọ bẹ́ẹ̀, lórí ògiri, níṣojú gbogbo ẹranko. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́ síbì kan. A máa tó lò ó.

Ọdún náà ni èsúnsún kọ̀ tí kò fò. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, gbogbo ẹranko lanu sílẹ̀ dè é, ẹnu gbẹ. Ebi pa Ọ̀bọ títí ó fi ń wo ìrù ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ẹran. Ebi pa Àwòdì títí ó fi ń kí eṣinṣin káàárọ̀. Labalábá nìkan ló pọ̀, wọ́n bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé, pupa rúsúrúsú bí ẹni tó fi epo para, etí ìyẹ́ wọn dúdú, funfun wínníwínní wà lórí dúdú náà.

Ìṣòro kan péré ló wà níbẹ̀: oríṣi méjì ni wọ́n, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Èyí tó jẹ ewé pápásan dàgbà dùn bí ẹ̀gúsí yíyan. Èyí tó jẹ ewé bomubomu dàgbà ti fa oje funfun ewé náà sára. Ẹni tó bá gbé e mì yóò bi gbogbo ohun tó ti jẹ láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Àwòdì ti jẹ ọ̀kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, a kì í sọ ọ́ níwájú àwọn àna rẹ̀.

Ká má purọ́ mọ́ Alángbá, ó mọ ìyàtọ̀ wọn. Abẹ́ bomubomu ló ti ń sá oòrùn láti kékeré. Ó na ìrù sí labalábá méjì, ó ní:

"Ẹ fi ìyẹ́ iwájú sílẹ̀, ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Ìyẹ́ ẹ̀yìn ni kí ẹ wò. Àmì dúdú kan péré: ọmọ pápásan nìyẹn, ẹ jẹ ẹ́. Àmì dúdú mẹ́rin: ọmọ bomubomu, ẹ sá fún un."

Òtítọ́ pọ́ńbélé ni. Ẹni tó bá fẹ́ jalè dáadáa, òtítọ́ ni yóò kọ́kọ́ fi ṣe àkàbà.

Láti ọjọ́ náà ni Àwòdì, tó máa ń pe Alángbá ní "ẹran" tẹ́lẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "Ọ̀gá". Ó búra pé òun kò ní fi èékánná kàn án, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti ṣì í. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí àwòdì ń jẹ, ẹ mọ̀ pé ohun kékeré kọ́ ni wọ́n fún un.

Ìyẹn ì bá tó ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ikùn Alángbá kì í gbọ́ ohun tí orí rẹ̀ ń sọ. Ó pàṣẹ pé gbogbo ẹni tó bá mú labalábá gbọ́dọ̀ gbé e wá fún àyẹ̀wò.

"Ṣé a kò lè kà á fúnra wa ni?" Ọ̀bọ béèrè. "Mo mọ nǹkan kà dé ogún."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kíkà yàtọ̀ sí àyẹ̀wò. Ẹnikẹ́ni lè kà. Àyẹ̀wò ń fẹ́ ibòòji."

Ẹ̀yìn àkúfọ́ ìkòkò kan ni ibòòji náà wà. Níbẹ̀ ni Alángbá fi omi po èédú sí. Bí wọ́n bá gbé ọmọ pápásan wá, á gbé e wọ ibòòji, á ti ìrù bọ èédú, á fi àmì mẹ́ta kún ẹyọ kan. Á wá gbé e jáde, á fa ojú ro bí ẹni tó ń gbé òkú.

"Ẹ kà á!"

"Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin!"

"Kí ni?"

"Bomubomu!"

"Ó mà ṣe o. Ẹ gbé e fún mi, kí n lọ sin ín síbi tí ọmọdé kò ti ní rí i."

Inú ihò ògiri ló ń sin ín sí, bomubomu gidi lápá òsì, èyí tó kùn lápá ọ̀tún. Apá ọ̀tún kì í pẹ́ ṣófo. Láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, Ọ̀bọ gbẹ, Àwòdì fúyẹ́ débi pé atẹ́gùn ló ń bá a yan ẹ̀ka tó máa bà lé. Alángbá sanra títí ẹnu ihò fi ń há a.

"Ìbànújẹ́ ló wú mi," ló ń wí. "Òkú tí mò ń sin ti pọ̀ jù."

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Ìyá Àparò, tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ, kúnlẹ̀ jẹ́ẹ́.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò mọ àyẹ̀wò o. Ṣùgbọ́n labalábá tí mo gbé wá lánàá, mo kà á nílé, àwọn ọmọ mi kà á: àmì kan ni. Ó wọ ibòòji yín, ó jáde pẹ̀lú mẹ́rin. Ṣé ó bímọ síbẹ̀ ni?"

Àwòdì wo ìrù Alángbá.

"Ọ̀gá, kí ló dé tí ṣóńṣó ìrù yín dúdú?"

"Ọ̀fọ̀ ni, Bàbá. Mò ń ṣọ̀fọ̀ àwọn tí mò ń sin."

Ọ̀bọ kò bá a jiyàn. Ó ti ọwọ́ bọ ihò dé èjìká, ó wọ́ ọ̀tún, ó wọ́ òsì, ó da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pọ̀. Wọ́n kà wọ́n: mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin.

"Ọ̀rọ̀ ò ju méjì lọ," Àwòdì wí. Ẹ ṣàkíyèsí pé "Ọ̀gá" ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Bí gbogbo rẹ̀ bá korò, kí lo fi sanra? Bí èyí tó dùn bá wà níbẹ̀, mú un, kí o jẹ ẹ́ lójú wa. Bí o bá mú un tọ́, olè ni ọ́, ṣùgbọ́n olè tó mọṣẹ́. Màá dá ọ sí. Bí o bá bì, o mọ ohun tí o sọ lórí ògiri."

Alángbá rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ òkìtì náà. Ó wo ìyẹ́ kan, ó wo òmíràn. Ẹ̀rín náà rọra kúrò lójú rẹ̀. Ó ti kùn wọ́n dáadáa jù. Òun gan-an kò mọ èyí tí Ẹlẹ́dàá fi àmì sí, kò sì mọ èyí tí ìrù òun fi sí i.

Ó mú ọ̀kan, ó gbé e mì.

Bomubomu ni.

Oje náà ta á lọ́fun bí iná. Ikùn rẹ̀ ru sókè, ó pa ẹnu dé.

"Ṣé ó dùn?" Àwòdì béèrè.

Bó bá lanu, gbogbo rẹ̀ á jáde. Alángbá mi orí: bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó dá ọ lójú?"

Ó gbé itọ́ mì, ó tún mi orí.

"Ó jọ pé ó dùn mọ́ ọn," Ìyá Àparò wí. "Ẹ fún un sí i."

"Ẹ fún un," Àwòdì wí, ó sì wá ẹ̀ka tó dára, ó jókòó. "Kò sí ìkánjú. Ìgbà tó bá bì ni màá jẹun."

Láti ìgbà náà ni kálukú ti ń ka àmì labalábá rẹ̀ fúnra rẹ̀, nínú oòrùn. Alángbá ṣì wà lórí ògiri. Á dúró díẹ̀, á gbé nǹkan mì, á mi orí. Àlejò rò pé ó ń yan fanda ni. Àwòdì tó ń yípo lókè kò rò bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ń yí àmì ojú ọ̀nà padà, kó má gba ọ̀nà náà lọ sílé.

Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, ẹ jáde síta, ẹ bi í léèrè bóyá ó dùn.