Orúkọ Tí Wọn Kì í Pè Nílé Káfíńtà

Ọkùnrin kan wà, káfíńtà ni, ó ní ìyàwó kan àti ọmọ mẹ́ta. Ìbíwùmí ni ìyàwó náà ń jẹ́. Obìnrin tó máa ń dá àpárá ni. Bí oníbàárà bá fi ìbínú wá sí ìsọ̀ pé àga òun kò tíì parí, òun ni yóò jáde lọ pàdé rẹ̀. Kí ọkọ rẹ̀ tó yọ ìṣó kúrò lẹ́nu, oníbàárà ti ń rẹ́rìn-ín, ó ti gbàgbé ohun tó bá wá. Ọkọ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò tilẹ̀ nídìí tí yóò fi sọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí ìyàwó rẹ̀ ń sọ ti àwọn méjèèjì.

Lọ́dún kan, nígbà tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, àìsàn dá obìnrin náà dúbúlẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n gbé e bọ̀, wọ́n tún gbé e padà. Kí ọyẹ́ tó dé, ó ti kú.

Àwọn ẹbí wá, àwọn ará ìjọ wá. Wọ́n sunkún, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì padà sílé wọn bí gbogbo ènìyàn ti ń ṣe. Ó wá ku káfíńtà àti àwọn ọmọ rẹ̀: àkọ́bí obìnrin tó ń jẹ́ Ṣíjúwọlá, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ìyá rẹ̀, ọmọkùnrin kan tó tẹ̀ lé e, àti àbíkẹ́yìn, ọmọbìnrin kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká eyín.

Káfíńtà ṣàkíyèsí pé nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ ìyá wọn, àbíkẹ́yìn a bú sẹ́kún, òun náà a sì sá jáde. Ó rò ó títí. Lọ́jọ́ kan ó pè wọ́n jọ.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ó ní, "ẹ jẹ́ kí a má máa dárúkọ ìyá yín nínú ilé yìí mọ́. Ó ń dùn wá jù. Tó bá yá, yóò fúyẹ́."

Kì í ṣe ìkà ló mú un sọ bẹ́ẹ̀. Ó rò pé bí bàbá ṣe ń gba àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìbànújẹ́ nìyẹn. Ó kó aṣọ ìyàwó rẹ̀ sínú àpótí, ó fi ìṣó kan ìdérí rẹ̀, ó sì gbé e sí kọ̀rọ̀ ìsọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn àwọn pákó.

Àwọn ọmọ gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ẹkún dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ mìíràn náà bá a dínkù. Ọmọkùnrin yẹn, tó máa ń sín gbogbo ará àdúgbò jẹ, kò sín ẹnikẹ́ni jẹ mọ́. Káfíńtà a se ẹ̀wà, ẹ̀wà a jóná, wọn a sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ṣíjúwọlá mọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń se é tí kì í fi í jóná, ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe sọ ọ́ láìsọ pé, "Màmá wa máa ń ṣe é báyìí"? Nítorí náà ó dákẹ́, ó ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò.

Nígbà tí ọyẹ́ ń lọ sópin, ìyá Ìbíwùmí wá kí wọn láti ìlú rẹ̀. Ó ru ẹ̀pà eléèpo wá, ó mú ẹja gbígbẹ dání. Inú àwọn ọmọ dùn láti rí i. Ó mú àbíkẹ́yìn jókòó sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń dirun fún un.

"Orin wo ni ìyá rẹ máa ń kọ tó bá ń dirun fún ọ?" ó bi í.

Ọmọ náà kọ́kọ́ wo ojú bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dorí kodò, ó ní, "Mi ò rántí mọ́, Màmá àgbà."

Màmá àgbà dirun náà tán. Ìgbà náà ló tó lọ bá àna rẹ̀ ní ìsọ̀, níbi tó ti ń fá pákó.

"Bàbá Ṣíjúwọlá," ó ní, "ṣé ọmọ yìí ò rántí ni, àbí ẹ̀rù ló ń bà á láti rántí?"

Káfíńtà ṣàlàyé fún un. Ó ní òun kò fẹ́ kí àwọn ọmọ máa sunkún ni. Ó ní ilé ti tòrò báyìí.

"Mo rí i pé ó tòrò," ni màmá náà dáhùn. "Wọ́n ti sin ọmọ mi lẹ́ẹ̀kan. Èmi ò sí níbẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí ìyá rí ìsìnkú ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé yìí, ojú mi ló ṣe, ẹ̀ ń sin ín lójoojúmọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró."

Káfíńtà padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń fá pákó tó ti jọ̀lọ̀ tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́sàn-án. Kò sẹ́ni tó lè jáde, gbogbo wọn yí igbá ẹ̀pà ká, wọ́n ń pa á. Màmá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ pé òfin wà.

"Ìbíwùmí," ó ní, "nígbà tó wà ní kékeré, ẹ̀rù adìyẹ ń bà á. Bí adìyẹ bá wọ yàrá, orí àga ni yóò gùn."

Ó pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ orúkọ náà kẹ́yìn. Ẹ̀pà dúró lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Káfíńtà dìde, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó ń wo òjò. Ó ń retí ẹkún àbíkẹ́yìn. Ẹkún kò dún. Ohùn ọmọkùnrin rẹ̀ ló gbọ́.

"Adìyẹ nìkan kọ́, Màmá àgbà," ni ọmọ náà ń wí. "Tòlótòló Kérésìmesì yẹn ńkọ́? Tòlótòló dúdú tó já okùn, tó sá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí Màmá wa sì ń lé e lọ. Abẹ́ àga pásítọ̀ ni wọ́n ti mú un."

"Gèlè ti já bọ́ lórí wọn," ni Ṣíjúwọlá fi kún un. "Pásítọ̀ sì ń wàásù lọ."

Káfíńtà mi orí. Kì í ṣe abẹ́ àga pásítọ̀. Òun wà níbẹ̀. Ó gbìyànjú láti tẹjú mọ́ òjò, ṣùgbọ́n ọmọ náà tún pe tòlótòló yẹn ní dúdú lẹ́ẹ̀kan sí i, ara káfíńtà kò sì gbà á mọ́. Ó yípadà, ó wọlé.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá," ó ní.

Àbíkẹ́yìn sún mọ́ màmá àgbà.

"Tòlótòló funfun ni," ni bàbá wọn wí. "Àárín àwọn akọrin ló sì sá wọ̀, kò dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ìyá yín ló gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ ò tiẹ̀ mọ ohun tó wá ṣe."

"Kí ni wọ́n ṣe?" ni àbíkẹ́yìn béèrè.

Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ yìí mú tìmùtìmù kan lórí àga, ó fi há abíyá bí ẹni gbé tòlótòló. Ó kúnlẹ̀ níwájú wọn bí Ìbíwùmí ti kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ, ó sì fi ohùn ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Ó gbọ́ pé Kérésìmesì ti kù dẹ̀dẹ̀ ni, ó ní kí òun tètè wá ronú pìwà dà."

Ṣíjúwọlá rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Ọmọkùnrin gba tìmùtìmù, ó tún un ṣe, ó sì ṣe é dáadáa ju bàbá rẹ̀ lọ. Màmá àgbà ń fi etí aṣọ nu ojú. Bóyá ẹ̀rín ni, bóyá ẹkún ni, ẹnikẹ́ni kò bi í. Àbíkẹ́yìn ní kí bàbá òun tún kúnlẹ̀. Bàbá tún kúnlẹ̀. Ibi tó kúnlẹ̀ sí yìí ni omi ti bọ́ lójú rẹ̀, láàárín ẹ̀rín, níṣojú àwọn ọmọ. Kò sá jáde. Àwọn náà kò sá fún un. Ọmọkùnrin rẹ̀ bu ẹ̀pà sí i lọ́wọ́, wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ.

Ṣé wọn kò sunkún mọ́ láti ọjọ́ náà? Wọ́n ń sunkún nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń dá sun ún mọ́. Káfíńtà yọ ìṣó àpótí. Ṣíjúwọlá wọ bùbá ìyá rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀ sì ń dì mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbíkẹ́yìn rántí ìbẹ̀rẹ̀ orin irun dídì náà, ó ṣi ìyókù kọ, màmá àgbà tún un kọ fún un. Nígbà tí bàbá sì tún ń se ẹ̀wà, Ṣíjúwọlá dúró tì í, ó ní, "Bàbá, Màmá wa kì í koná mọ́ ọn tó báyìí. Ẹ yọ igi kan." Bàbá yọ igi. Ẹ̀wà náà rọ̀, ó dùn, wọ́n sì jà sí ìdí ìkòkò. Ariwo ilé wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í dé ojú títì.

Ọmọ mi, ìwọ ni mo ń sọ ìtàn yìí fún. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, o ti yọ fótò rẹ̀ kúrò lára ògiri. O ń dúró de àlejò lẹ́nu ọ̀nà, o ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú ìyá rẹ. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ náà ni ti káfíńtà yẹn. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ kò gbàgbé ọkọ rẹ̀ o. Ó kàn ń dá rántí rẹ̀ ni. Lọ sílé. Fa àga rẹ sún mọ́ tirẹ̀, kí o sì bi í léèrè ohun tí bàbá rẹ sọ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé ilé àwọn òbí ìyá rẹ. Bí ẹkún bá kọ́kọ́ gbà á, má dìde. Jókòó tì í. Ẹ̀rín ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.