Kọ́nà Ilé Kòkó

Nọ́ọ̀sì Morádéyọ̀ ti lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́ta ọdún kí ó tó gun alùpùpù rí. Òun ni agbẹ̀bí kan ṣoṣo ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Òkè-Àràbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló sì fi ń rìn dé abà mẹ́sàn-án tó yí ìlú náà ká. Èyí tó jìnnà jù nínú wọn ni abà Onípárá, ìrìn wákàtí méjì ààbọ̀ fún ẹni tí kò gbé ẹrù. Ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ pè é láti Onípárá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Kí ó tó débẹ̀, oòrùn ti kan àtàrí, ọmọ sì ti kú mọ́ ìyá rẹ̀ nínú. Ìyá nìkan ni ó rí gbà là. Bàbá ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọpẹ́ yẹn ló sì dun obìnrin náà ju èébú lọ. Ó sunkún ní gbogbo ọ̀nà títí ó fi wọ̀lú.

Kò ju oṣù mẹ́wàá lọ lẹ́yìn èyí tí ìgbìmọ̀ ìlera àgbègbè náà fi gbé alùpùpù pupa kan wá fún ilé ìwòsàn. Àmọ́ wọ́n fi àdéhùn tì í lẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gùn ún lọ sí abà kankan láìní ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Ọ̀gá tí ń dán awakọ̀ wò yóò wá ní ẹ̀ẹ̀mejì péré, ọjọ́ mẹ́jọ ni yóò sì wà láàárín ìgbà kìíní àti ìgbà kejì. Bí òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn kankan kò bá yege, wọn yóò gbé alùpùpù náà fún ìlú mìíràn. Àwọn òṣìṣẹ́ náà kò sì ju méjì lọ: Morádéyọ̀ fúnra rẹ̀, àti Dáramọ́lá tí ń pín oògùn.

Ẹni ọdún méjìlélógún ni Dáramọ́lá. Ọmọ gidi ni, kò ya ọ̀lẹ rárá, ṣùgbọ́n bí o bá ń kọ́ ọ ní nǹkan, kí o tó parí gbólóhùn kìíní, yóò ti sọ pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ganíyù tí ń tún alùpùpù ṣe ni wọ́n ní kí ó kọ́ àwọn méjèèjì. Ọjọ́ méjì péré ni Dáramọ́lá fi mọ̀ ọ́n gùn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ti ń jáwọ́ lára rẹ̀ bí ó bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, níbi tí àwọn ọmọge tí ń kọ́ṣẹ́ máa ń jókòó sí. Ní ti Nọ́ọ̀sì, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi bá gíà jà. Bí ó bá fún un níná, alùpùpù á fò sókè. Bí ó bá tẹ bírékì, á kú. Àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé e, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Obìnrin náà kò dúró.

Àwọn àgbà náà kò ṣàì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní kí ló dé tí kò lè jẹ́ kí ọmọ kékeré wà á, kí òun jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́yìn rẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Morádéyọ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì bi wọ́n léèrè pé bí obìnrin bá ń rọbí ní ọjọ́ tí Dáramọ́lá lọ gba oògùn ní ìgboro, ta ni yóò gbé òun lọ?

Ojú ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ fi dán wọn wò kò ṣòroó mọ̀. Láti iwájú gbọ̀ngàn ìlú ni awakọ̀ yóò ti gbéra, yóò sọ̀ kalẹ̀ lórí títì, yóò yí kọ́nà ní ẹ̀gbẹ́ ilé kòkó, níbi tí Bàbá Fásùúyì ń kó kòkó rẹ̀ pamọ́ sí, yóò lọ títí dé afárá, yóò sì gba ọ̀nà oko padà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan ilẹ̀ kó tó parí ti fìdí rẹmi nìyẹn.

Nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa àwa ará Òkè-Àràbà. Láti ìgbà tí ìjọba ti da ọ̀dà sí títì wa, a kò sá kòkó sórí ẹní mọ́. Orí títì la ń sá a sí, nítorí ọ̀dà máa ń gbóná, kòkó sì ń tètè gbẹ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá á yà fún un. Kòkó wa la mọ̀, a kò mọ táyà. Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la, Baálẹ̀ pàṣẹ kí gbogbo ènìyàn gbá kòkó kúrò lójú títì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì gbá a mọ́ tónítóní. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò ni pé omi kòkó tútù kì í bá ìgbálẹ̀ lọ.

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni ọ̀gá náà dé. Adégbayì ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, tó ní ìwé kan tó ń kọ nǹkan sí. Ó dúró sí orí òkè kékeré kan níbi tó ti lè rí kọ́nà àti afárá. Dáramọ́lá ló kọ́kọ́ gbéra. Ó dé kọ́nà ilé kòkó, táyà yọ̀, ó sì lọ gbá sí ẹ̀bá títì. Kí eruku tó rọlẹ̀, ó ti dìde, ó ti gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì ti ń nàgà wo iwájú, bóyá láti mọ bí afárá ṣe jìnnà tó, bóyá láti mọ ẹni tó rí i. Ó tún gun alùpùpù náà, ó sáré dé afárá bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá Adégbayì ti fa igi lé orúkọ rẹ̀.

Ó wá kan Nọ́ọ̀sì. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó dé kọ́nà náà, ibì kan náà ni alùpùpù ti sọ ọ́ nù. Orúnkún rẹ̀ bó. Àwọn tó ń wòran sáré lọ gbé e. Obìnrin náà kò tíì dìde tó fi yíjú sẹ́yìn, tó ń wo ibi tó ti gbà wá. Wọ́n fà á lọ́wọ́ pé kó dìde, ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀ ná. Ó jókòó sórí ọ̀dà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àwọn kan sì rò pé orí ló fi gbá.

Ohun tó ń wò rèé. Ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní àárọ̀, oòrùn ló kọjú sí, gbogbo títì ló ń dán lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bojú wẹ̀yìn láti kọ́nà náà, oòrùn ti wà lẹ́yìn rẹ̀, yóò sì rí i pé ibì kan wà tó dúdú tó sì ń yọ̀ ju ibi yòókù lọ, láti ẹnu ilé kòkó títí dé àárín títì. Morádéyọ̀ fi ìka kan án. Omi kòkó ni, ìrì sì ti sẹ̀ sí i lórí.

Ní ọjọ́ náà, gbogbo ìlú ti gbà pé alùpùpù ti lọ. Nọ́ọ̀sì nìkan ni kò gbà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí kọ́nà náà, ó ń tiro, ó sì kí Bàbá Fásùúyì tó ń tú kòkó jáde.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ibo gan-an ni omi kòkó yín máa ń gbà ṣàn?"

Bàbá wò ó. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, àgbẹ̀ lẹ fẹ́ dà ni?"

Obìnrin náà ní ó wu òun kí òun dà á, ṣùgbọ́n kí òun kọ́kọ́ mọ ohun tó gbé òun ṣubú. Bàbá bá fi ọ̀pá fa ọ̀nà omi náà hàn án. Ó ṣàlàyé pé omi náà kì í dé ìhà òkè, nítorí títì ga díẹ̀ níbẹ̀, àti pé bí ènìyàn bá fi omi fọ̀ ọ́ lónìí, kòkó ọ̀la á tún mú òmíràn wá. Fún ọjọ́ mẹ́fà, Morádéyọ̀ ń lọ síbẹ̀ ní aago mẹ́jọ, ìgbà tí ìrì wà nílẹ̀. Ó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn ín. Lẹ́yìn náà, ó ti alùpùpù gba ibẹ̀ láìtan iná sí i. Lẹ́yìn náà ló wá gùn ún. Ó kọ́ bí a ti ń dín iná kù kí á tó dé kọ́nà, kó má ṣe jẹ́ inú kọ́nà, àti bí a ti ń gba ìhà òkè láìtẹ bírékì.

Kò fi pamọ́ fún Dáramọ́lá. Ó pè é, ó fi ibi tó dúdú náà hàn án. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dáhùn kíá pé, "Màmá, mo ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ eré sísá ni. Mi ò sáré tó lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rù ló bà mí. Èyí tó kọjá ti kọjá, ẹ jẹ́ ká máa wo iwájú." Pápá ilé ìwé ló ń lọ ní tirẹ̀, tó ń sáré yí i ká lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn létí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń yìn ín.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Gbogbo ìlú tò sí ẹ̀bá títì, títí kan bàbá ọmọ tó kú lọ́jọ́sí, tó rìn wá láti Onípárá. Ìyàwó rẹ̀ tún ti lóyún, ó sì fẹ́ mọ bí yóò ti rí. Nọ́ọ̀sì rí i láàárín èrò.

Dáramọ́lá tún kọ́kọ́ lọ. Ó fi eré wọ kọ́nà, ojú rẹ̀ wà lára afárá. Ibi tó ti ṣubú ló tún ṣubú sí, èyí sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá rẹ̀ ti wú.

Wàyí o, ó kù sí ọwọ́ Morádéyọ̀ nìkan. Ó dé akoto mọ́rí, ó sì gbéra. Kí ó tó dé kọ́nà, ó dín iná kù. Àwọn kan ń kùn pé ẹ̀rù ti bà á. Ó gba ìhà òkè, táyà rẹ̀ kọjá níwọ̀n ìṣísẹ̀ méjì sí ibi tó dúdú náà, kò tẹ bírékì, ara rẹ̀ kò yẹ̀. Ó dé afárá, ó gba ọ̀nà oko, ó sì padà síwájú gbọ̀ngàn láìfi ẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ọ̀gá Adégbayì kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí i. Ọkùnrin Onípárá yẹn bú sẹ́kún, kò sì tijú.

Dáramọ́lá jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé kòkó, apá rẹ̀ ń ro ó. Ó bi Bàbá Fásùúyì léèrè pé kí ló dé tí ibì kan náà fi gbé òun ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, tó sì jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló rí Màmá mú.

Bàbá kò fi ọ̀rọ̀ náà gún un lára. Ó ní, "Ọmọ mi, ibí ni mo dúró sí, mo rí yín méjèèjì. Nígbà tí o ṣubú, o ń wá ibi tó kù kí o dé. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì ṣubú, ó ń wá ohun tó gbé e ṣubú. Ìwọ rí afárá lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe afárá ló gbé ọ ṣubú."

Àwọn kan máa ń bá mi jiyàn pé òwe tó jáde nínú ọ̀rọ̀ yìí ti wà kí alùpùpù tó dé ilẹ̀ wa. N kì í bá wọn fà á. Ẹni tó bá ní ìtàn tirẹ̀, kó mú un wá. Èmi mọ̀ pé nínú oṣù kẹta lẹ́yìn ìdánwò náà, Nọ́ọ̀sì Morádéyọ̀ dé Onípárá láàárín ogún ìṣẹ́jú, ọmọbìnrin kan sì ké níbẹ̀ kí oòrùn tó mú. Mo sì mọ̀ pé láti ẹnu Bàbá Fásùúyì, ní ọjọ́ ìdánwò kejì yẹn, ni gbogbo Òkè-Àràbà ti gbà á, tí àwọn ìlú yòókù fi gbà á lẹ́nu wa, pé bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn.