Ẹ̀wù Pupa Ìyá Odẹ́sà

Morádékẹ́ aránṣọ kò tíì pé ogójì ọdún nígbà tí òun àti Fadérera, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, kó láti Ìsẹ́yìn lọ sí ìlú kan ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí ọmọ náà wọ̀, ìpele mẹ́ta ni wọ́n pín ẹ̀kọ́ ìtàn Amẹ́ríkà òde òní sí: ìsàlẹ̀, àárín àti òkè. Nítorí pé Fadérera ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọn ò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo kí wọ́n tó fi í sí ìsàlẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu ìyá rẹ̀ mọ́. Ṣé kí ọmọ òun lè lọ jókòó sẹ́yìn ni òun ṣe gbé e la òkun kọjá?

Démiládé, ọmọbìnrin Yorùbá kan ládùúgbò wọn, wà ní ìpele òkè, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

"Fadérera, ibo lẹ ka ìtàn dé? Ṣé ẹ ti kúrò lórí àwòrán?"

"A ti dé orí ẹ̀kọ́ ilé. Ẹ̀yin fo ìyẹn, àbí?"

Ọ̀nà kan ló wà láti gòkè. Ní ìparí sáà, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ yóò mú ohun kan tí ìtàn ṣojú rẹ̀ wá sí gbọ̀ngàn, yóò sì sọ̀rọ̀ lé e lórí níwájú àwọn olùkọ́. Ìdíje gbogbo ìpele ni, ẹni tó bá sì yege láti ìsàlẹ̀ yóò gòkè.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Odẹ́sà ni Fadérera lọ, arúgbó aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwọn. Àwọn ọmọ ìpele òkè ti pè é lórí fóònù rí pé kó sọ ìtàn fún àwọn. Ṣe ló pa fóònù mọ́ wọn létí. Ṣùgbọ́n àràárọ̀ ni Fadérera máa ń kúnlẹ̀ kí i. Lọ́jọ́ tó bẹ̀ ẹ́, ìyá náà mú ẹ̀wù pupa kan jáde, tí apá rẹ̀ ti fàya.

"Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí lọ́jọ́ tí a wọ́de fún ẹ̀tọ́ wa. Ajá ọlọ́pàá ló fà á ya. Máa mú un lọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, Fadérera fi ẹ̀wù náà sórí àga, ó lọ wẹ̀. Morádékẹ́ rí i, àyà rẹ̀ já. Àkísà! Ọmọ aránṣọ ni yóò gbé àkísà lọ síwájú àwọn ọmọ ìpele òkè? Kí ọmọ tó múra tán, ìyá ti lẹ̀ ẹ́, ó ti lọ̀ ọ́, ó ti ká a sínú ọ̀rá.

Ní gbọ̀ngàn, Morádékẹ́ àti Ìyá Odẹ́sà jókòó pọ̀ láàárín àwọn òǹwòran. Démiládé gbé ìwé ńlá mẹ́ta kalẹ̀, ó ka ọdún àti orúkọ bí ẹni ka yangan, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó kan Fadérera. Ó sọ̀rọ̀ dé orí ajá, ó na ẹ̀wù náà sókè. Kò sí yíya kankan lára rẹ̀.

"Ibo ni ajá ọ̀hún ti fà á ya?" ni olùkọ́ kan bi í. Démiládé bú sẹ́rìn-ín. Omi lé ròrò sójú Fadérera.

Morádékẹ́ mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Bó bá dákẹ́, ọmọ òun di òpùrọ́. Ó dìde, ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún Ìyá Odẹ́sà tó jókòó tì í, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ojú ló tì mí." Ó bá lọ síwájú. "Èmi ni mo rán an!" Ó fi eyín gé òwú bí aránṣọ ti í ṣe, ó fà á yọ títí aṣọ tó fi lẹ̀ ẹ́ fi bọ́ sílẹ̀. Yíya náà là gbàgà, ihò eyín ajá mẹ́rin sì hàn létí rẹ̀.

Ìyá Odẹ́sà rọra dìde, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Àpá mẹ́rin wà níbẹ̀. Ó gba ẹ̀wù náà, ó gbé e lé apá rẹ̀: ihò bá àpá mu régérégé.

Gbogbo gbọ̀ngàn dìde dúró. Fadérera nu ojú, ó sọ ìyókù ìtàn náà láìwo ìwé. Àwọn olùkọ́ kò tilẹ̀ forí korí. "Lọ́la, ìpele òkè!" Morádékẹ́ hó yèè, ó gbé ọmọ rẹ̀ bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Démiládé pàápàá ló bá wọn gbé ẹ̀wù náà délé.

Lójú ọ̀nà ni Ìyá Odẹ́sà rẹ́rìn-ín. "Aṣọ tuntun kún inú gbọ̀ngàn yẹn bámúbámú. Ta ló ní irú àkísà mi nínú wọn?"

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Yorùbá ìlú náà fi ń pa á lówe fún àwọn ọmọ wọn títí dòní pé: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.