Igbá Ẹmu Fátọ́ki

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Kò sí ọmọ Yorùbá tí òwe yìí ṣàjèjì sí. À ń pa á nílé, à ń pa á lóko. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń pa á tán kí wọ́n tó mú ẹran kejì sẹ́nu. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ orísun rẹ̀? Ta ni àgbà ọ̀hún? Kí ló wà nínú igbá náà tí kò fi lè gbé e jù sójú ọ̀nà kó sì máa bá tirẹ̀ lọ? Ẹ fara balẹ̀, kí n rò ó fún yín bí wọ́n ṣe rò ó fún mi.

Fátọ́ki ni àgbà náà ń jẹ́. Adẹ́mu ni, ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Agbọ́pẹ. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì mọ ọ̀pẹ gùn débi pé àwọn ará abúlé a máa sọ pé ọ̀kẹ́rẹ́ ló yẹ kó máa kí i kú iṣẹ́. Fátọ́ki mọ̀ pé òun mọ iṣẹ́, kò sì sí ọjọ́ kan tí kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn náà mọ̀ ọ́n.

Àwọn adẹ́mu Agbọ́pẹ ní àṣà kan tí wọ́n ń pè ní ìwẹ̀yìn. Bí ènìyàn bá ti dá ẹmu lára ọ̀pẹ kan fún oṣù kan, yóò wẹ̀yìn wo ọgbẹ́ tó dá sí i lára, yóò sì fi í sílẹ̀ títí ọgbẹ́ náà yóò fi jinná. Nínú ọ̀pẹ mẹ́ta, wọn kì í fọwọ́ kan ọ̀kan rárá, kó lè so ẹyìn fún àwọn obìnrin tó ń fọ epo. Bákan náà, wọn kì í da agbè dé gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀; ti àwọn tó ń bá wọn ru ẹmu délé ni gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Àwọn àgbà wọn a máa ní, "Ẹni tó bá ń wẹ̀yìn, ẹyìn kì í wọ́n ọn."

Lọ́dún kan, olórí adẹ́mu kú. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín tán, Baálẹ̀ kéde pé kí gbogbo adẹ́mu gbé ẹmu wá sí ìta òun ní ọjọ́ kẹsàn-án. Ẹni tí ẹmu rẹ̀ bá dára jù lọ ni wọn yóò fi joyè. Ẹmu tó dára jù ni Baálẹ̀ wí, ṣùgbọ́n ẹmu tó pọ̀ jù ni Fátọ́ki gbọ́. Ó wọ inú ilé lọ, ó gbé igbá ràbàtà kan jáde, èyí tí wọ́n dá ẹnu rẹ̀ sí kékeré, tí ìyá rẹ̀ fi ń tọ́jú èlùbọ́ láyé ọjọ́un. Ó búra pé ẹ̀kún igbá yìí ni òun yóò gbé wọ ìta Baálẹ̀.

Ọgbọ̀n ọ̀pẹ ni Fátọ́ki ní. Mẹ́wàá ló ń dá lọ́wọ́, mẹ́wàá ń sinmi, mẹ́wàá tó kù jẹ́ ti àwọn obìnrin. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ti dá gbogbo wọn pátá. Ó wo ohun tó rí, ó ṣírò rẹ̀ lọ́kàn, kò lè kún igbá. Ni ó bá gbé àáké. Ọ̀pẹ tí wọ́n bá wó lulẹ̀ a máa sun ẹmu fún ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó kú, bẹ́ẹ̀ ni Fátọ́ki sì wó mẹ́fà lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo èyí tó ṣíji bo ọ̀nà oko.

Àṣàkẹ́, ìyàwó rẹ̀, gbọ́ ìró àáké láti ẹnu ọ̀nà, ó sáré dé.

"Baba Ọmọ́yẹ, ẹyìn tí mo fẹ́ fi fọ epo lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ló wà lórí èyí tí ẹ wó yìí o!"

"Bí mo bá di olórí adẹ́mu, ta ni yóò tún máa béèrè epo lọ́wọ́ rẹ?"

"Ọbẹ̀ ni. Ọbẹ̀ kò mọ olóyè."

Fátọ́ki tún gbé àáké.

Nígbà tí ọjọ́ kẹsàn-án pé, àwọn mẹ́ta tó máa ń bá a ru ẹmu délé wá bá a lóko bí ìṣe wọn: Fálọlá àbúrò rẹ̀, àti Àkànmú pẹ̀lú Ṣàngódéyí, aládùúgbò rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí da agbè kéékèèké sínú igbá ńlá. Bí wọ́n bá da ọ̀kan dé gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀, Fátọ́ki a gbà á lọ́wọ́ wọn, a dojú rẹ̀ délẹ̀ pátápátá sórí igbá, a máa gbá a nídìí pọ́-pọ́-pọ́ bí ẹni ń gbá ọmọ lẹ́yìn kó lè pọ oúnjẹ tó há a lọ́fun. Bó bá tán, a fi ahọ́n lá ẹnu agbè.

Fálọlá gbé itọ́ mì. "Ẹ̀gbọ́n, tiwa ńkọ́?"

"Tiyín di ọdún tó ń bọ̀. Lónìí, mi ò fẹ́ kí ẹ̀kán kan dín. Ó yá, ẹ gbé e ká lọ."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wọn. Àkànmú ló kọ́kọ́ di ọrùn mú. Ó ní ó ti ń dun òun láti àná, òun kò lè gbé ju fìlà lọ. Ṣàngódéyí ní ìyá ìyàwó òun ránṣẹ́ pe òun kíákíá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo wọn ni wọ́n jọ sin ìyá náà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Fálọlá nìkan ni kò purọ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀fun mi gbẹ. Bí ọ̀fun bá gbẹ, orí kì í lè ru ẹmu." Ó dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ àyà rẹ̀ nù, ó bá tirẹ̀ lọ.

Fátọ́ki fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó fi ewé dí ẹnu igbá náà, ó tì í gun orí ìtì ọ̀pẹ tó wó, ó kúnlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó gbé òṣùká lérí, ó sì rọra fà á sórí. Nígbà tó ń dìde, orúnkún rẹ̀ ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ṣùgbọ́n ó dìde.

Ọ̀nà oko tó ti máa ń tutù kò ní ìbòòji mọ́. Oòrùn ọ̀sán ràn sórí igbá, ẹmu gbóná, ó bẹ̀rẹ̀ sí hó. Kò pẹ́ tí ewé tó fi dí ẹnu igbá fi fò dànù. Ìfófòó ya bò ó lójú, ó gba irùngbọ̀n rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí àyà. Ibẹ̀ ni oyin ti gbóòórùn rẹ̀. Ọ̀kan dé, méjì dé, nígbà tó yá, ìdílé wọn dé. Bí Fátọ́ki bá fi ọwọ́ lé oyin, igbá a yẹ̀. Bó bá di igbá mú, oyin a padà. Kò sì lè sọ ẹrù náà kalẹ̀, nítorí irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ẹni méjì ló ń sọ̀ ọ́; bí ẹnì kan bá dá a sọ̀, fífọ́ ni.

Ó pàdé àwọn obìnrin mélòó kan tó gbé agbọ̀n lọ́wọ́.

"Ẹ kú ẹrù o, Baba!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀!"

"À bá dúró, Baba, ṣùgbọ́n ibi tí à ń lọ jìnnà. Ẹyìn ìtòsí ti wó lulẹ̀." Wọ́n sì kọjá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Báyìí ni Fátọ́ki ṣe wọ ìta Baálẹ̀, ojú wú, irùngbọ̀n funfun, oyin ń kọrin yí i ká. Àwọn adẹ́mu ti tò, Baálẹ̀ sì ń tọ́ agbè kan wò lọ́wọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ rí oyin ló kọ́kọ́ dìde. Ká tó wí, ká tó fọ̀, ìta ti dá páropáro. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ fi bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó ń pariwo láti ojú fèrèsé:

"Fátọ́ki! Mo ti rí i! Ó pọ̀! Máa rù ú lọ sílé rẹ!"

Ojú ti Fátọ́ki. Gbogbo ilẹ̀kùn tó kọjá lẹ́bàá rẹ̀ ló ń tì gbà-gbà-gbà. Ó ro ti ọ̀pẹ mẹ́fà, ó ro ti àwọn mẹ́ta tó lé lọ, inú rẹ̀ bà jẹ́ ju bí orí ṣe ń ta á lọ. Àṣàkẹ́ ló rí i láti ọ̀ọ́kán. Ó fi iná sí imọ̀ ọ̀pẹ tútù, ó rú èéfín bo àgbàlá títí oyin fi túká, ó sì kígbe pe Fálọlá. Àwọn méjèèjì bá a sọ igbá náà kalẹ̀. Fálọlá yọjú wo inú rẹ̀, ó gbé ojú kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo rẹ̀ ti hó dànù. Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ló kù."

Fátọ́ki wò ó. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bú jáde lẹ́nu rẹ̀, omijé sì tẹ̀ lé e. "Ó ku tiyín nìyẹn," ni ó wí. "Lọ pe Àkànmú àti Ṣàngódéyí wá."

Wọ́n fi oyè náà fún bàbá arúgbó kan tó gbé agbè kékeré kan ṣoṣo wá, tí ọ̀pẹ rẹ̀ sì dúró digbí lóko. Fátọ́ki tún ọ̀pẹ gbìn sí ojú ọ̀nà oko, ó fi àwọn tó kù sílẹ̀ kí wọ́n sinmi, ó sì ń bá ẹlòmíràn ru ẹmu fún ọdún mélòó kan kí àwọn tuntun náà tó dàgbà. Ọ̀rọ̀ tí Baálẹ̀, tí oyin ta nípéǹpéjú, sọ lọ́jọ́ kejì ni gbogbo abúlé gbé kiri, tó sì di òwe títí dòní.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bí ẹni tó ju èèyàn lọ bá dá gbogbo nǹkan jẹ tí kò ṣẹ́kù fún àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tàbí bí ẹnì kan bá lo ilẹ̀ àti igi lónìí bí ẹni pé ọ̀la kò ní í mọ́, ìgbà náà ni àwọn àgbà máa ń pa á. Wọ́n tún ń pa á fún olórí tó ń jẹun lọ́wọ́, kó lè bu díẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ẹrù kò tíì wọ̀ ọ́ lọ́rùn.